Kirsty Coventry, ọmọ Harare tó di olórí Òlíńpíìkì: ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀ fún àwa tá a wà ní ìdálẹ̀?

Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2025, àwọn ọmọ Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé, tí gbogbo ayé ń pè ní IOC, jókòó sí Costa Navarino lórílẹ̀-èdè Gíríìsì láti yan ààrẹ tuntun. Èèyàn méje ló ń du ipò náà. Sebastian Coe, sárésáré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ olórí eré orí pápá lágbàáyé, wà níbẹ̀. Juan Antonio Samaranch, tí bàbá rẹ̀ fi ọdún 21 jẹ ààrẹ IOC, náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìbò ọ̀hún á dé ìpele kejì tàbí ìkẹta. Kò débẹ̀ o. Nínú ìbò 97, Kirsty Coventry kó 49 ní ìpele àkọ́kọ́. Samaranch ní 28, Coe ní 8, àwọn mẹ́rin yòókù sì pín èyí tó kù mọ́wọ́. Báyìí ni obìnrin ẹni ọdún 41 láti Zimbabwe ṣe di ààrẹ kẹwàá IOC, tó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ àti ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó gba ipò lọ́wọ́ Thomas Bach ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ọdún mẹ́jọ ni yóò sì kọ́kọ́ lò.

Ẹ lè bi wá pé, kí ló kan Yorùbá tó ń ṣòwò ní Kánò, tó ń kọ́ ilé ní Jos, tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Port Harcourt nínú ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń lúwẹ̀ẹ́? Ó kàn wá. Coventry jẹ́ òyìnbó tí wọ́n bí sí Harare. Ní orílẹ̀-èdè tó ti dàgbà, "àtìpó" lorúkọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe irú ẹni tó jẹ́. Síbẹ̀ òun ló gbé àsíá ilẹ̀ náà débi tí ẹnì kankan ò gbé e dé rí. Bí ilé tó bí i lọ́mọ ṣe gbà á, ìgbà tí wọ́n gbà á, àti ohun tí wọ́n fi gbà á, ọ̀rọ̀ tiwa ni.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983 ni wọ́n bí i, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Zimbabwe gba òmìnira. Kí òmìnira tó dé, ìjọba àwọn òyìnbó díẹ̀ lábẹ́ Ian Smith ló ń darí ilẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló sì lọ sógun kí àwọn aláwọ̀ dúdú tó gba agbára. Àwọn òyìnbó tí kò sá lọ ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan lọ́kàn àwọn aládùúgbò wọn: ṣé ọmọ ilẹ̀ yìí lẹ jẹ́ ni, àbí ẹ kàn jókòó ti ohun tí bàbá yín gbà?

Ilé ẹ̀kọ́ Dominican Convent ní Harare ló lọ. Ó ṣì wà níléèwé nígbà tó lọ sí Òlíńpíìkì Sydney ní 2000. Ó dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú backstroke 100 mítà, ọmọ Zimbabwe kankan ò sì débẹ̀ rí nínú ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn. Ní 2000 náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba oko lọ́wọ́ àwọn òyìnbó àgbẹ̀ kárí Zimbabwe, ẹgbẹẹgbẹ̀rún oko. Bí ọmọbìnrin yìí ṣe ń wọṣọ orílẹ̀-èdè lókè òkun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lé àwọn tí àwọ̀ wọn jọ tiẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ nílé.

Lẹ́yìn Sydney, ó lọ sí Yunifásítì Auburn ní ìpínlẹ̀ Alabama, Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ló ti rí adágún tó péye, kóòṣì tó mọṣẹ́, àti àwọn tí wọ́n jọ ń bára wọn du ipò lójoojúmọ́. Ní 2002, ó gba góòlù medley 200 mítà ní ìdíje Commonwealth ní Manchester. Nígbà tó máa fi di òpin 2003, Zimbabwe ti bínú kúrò nínú Commonwealth. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ti ilẹ̀kùn ìdíje kan mọ́ ọn lórí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Kò pa orílẹ̀-èdè dà. Amẹ́ríkà ló ti ń kọ́ṣẹ́, Zimbabwe ló sì ń lúwẹ̀ẹ́ fún títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Iṣẹ́ inú omi

Fún àwọn tí kò mọ̀, backstroke ni ìlúwẹ̀ẹ́ tí èèyàn máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, tí á kọjú sókè, tí á máa yí apá sẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ á sì máa lu omi láìsinmi. Freestyle ni èyí tí a máa ń rí jù, wọ́n á dojú bolẹ̀, wọ́n á máa na apá síwájú. Òfin fàyè gba ìlànà tó bá wu èèyàn nínú freestyle, àmọ́ ìyẹn ló yá jù, òun sì ni gbogbo wọn ń lò.

Ohun tó le nínú backstroke ni pé o ò rí ibi tí ò ń lọ. Ògiri wà lẹ́yìn orí rẹ, eré lo sì ń sá lọ bá a. Wọ́n máa ń ta okùn tí àsíá wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀ gba orí omi kọjá ní mítà márùn-ún sí ògiri. Tí o bá ti rí àsíá yẹn lókè, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí apá rẹ yí, kí o lè mọ ìgbà tó yẹ kí o yí padà. Ẹni tó bá ṣì í kà á forí sọ ògiri, tàbí kó pàdánù ìṣẹ́jú àáyá tí kò ní rí gbà mọ́. Ìgbọ́kànlé ni iṣẹ́ náà. O ní láti fọkàn tán ohun tí o ti kọ́, torí ojú rẹ ò ní ràn ọ́ lọ́wọ́.

Ní Athens ní 2004, Coventry fi ìṣẹ́jú méjì àti àáyá 9.19 gba góòlù 200 mítà backstroke. Ó tún gba fàdákà ní 100 mítà, àti idẹ nínú medley 200 mítà, níbi tí wọ́n ti ń fi ìlànà mẹ́rin lúwẹ̀ẹ́ nínú ìdíje kan ṣoṣo. Láti ìgbà tí àwọn obìnrin tó ń gbá họ́kì ti gba góòlù ní Moscow ní 1980, Zimbabwe ò rí àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì kankan mọ́. Ní Montreal ní 2005, ó gba góòlù àgbáyé méjì nínú backstroke.

Ní ìdíje Gbogbo Áfíríkà tó wáyé ní Algiers ní 2007, góòlù méje ló kó. Ó gba backstroke 50, 100 àti 200 mítà, ó gba medley méjèèjì, ó tún gba freestyle 50 mítà àti 800 mítà. Ẹ wo ìyẹn dáadáa. Freestyle 50 mítà jẹ́ eré tí wọ́n fi ń sá tagbára-tagbára fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú, 800 mítà jẹ́ lílọ bíbọ̀ ìgbà mẹ́jọ nínú adágún ńlá. Ó dà bí ẹni tó sá 100 mítà tó tún gba ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá lè ṣe méjèèjì ti ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ dáadáa.

Beijing ní 2008 ló wá ga jù. Ó gba góòlù 200 mítà backstroke pẹ̀lú ìṣẹ́jú méjì àti àáyá 5.24, kò sẹ́ni tó yá tó bẹ́ẹ̀ rí láyé lọ́jọ́ náà. Ó fi bí àáyá mẹ́rin dín àkókò rẹ̀ ní Athens kù. Ó tún gba fàdákà mẹ́ta. Ní Rome lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún lọ sísàlẹ̀ sí i, ìṣẹ́jú méjì àti àáyá 4.81. Lẹ́yìn ìyẹn, ara bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó tó. Ó dé àṣekágbá ní London ní 2012, kò gba nǹkan kan. Missy Franklin, ọmọ Amẹ́ríkà tí freestyle àti backstroke jẹ́ iṣẹ́ tiẹ̀ náà, ló gba 200 mítà. Ó ṣe ipò kẹfà ní Rio ní 2016, ìyẹn Òlíńpíìkì rẹ̀ karùn-ún, ó sì gbé aṣọ ìwẹ̀ kọ́.

Àmì ẹ̀yẹ méje ló ní ní Òlíńpíìkì. Mẹ́jọ ni gbogbo èyí tí Zimbabwe tíì gbà láti ìgbà tó ti gba òmìnira. Ẹ ṣírò ẹ̀: obìnrin kan ló ni méje nínú mẹ́jọ.

Góòlù kò yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀

Nígbà tó padà sí Harare láti Athens, èrò kún pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n lùlù, wọ́n jó, àwọn ìròyìn ìgbà náà tiẹ̀ sọ pé àwọn òbí kan fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ wọn. Ààrẹ Robert Mugabe, tí ìjọba rẹ̀ ń gba oko àwọn òyìnbó, pe òun náà ní ọmọbìnrin wúrà wọn. Lẹ́yìn Beijing, ó fún un ní 100,000 dọ́là Amẹ́ríkà. Ọdún 2008 nìyẹn, nígbà tí owó Zimbabwe ti di bébà lásán, tí èèyàn ń ru àpò owó lọ ra búrẹ́dì.

Àwọn tó lọ kí i ní pápákọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ dénú, a ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ìdùnnú ará ìlú kì í ṣe ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ya ìdùnnú sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀tọ́. Ẹni tí wọ́n ń yọ̀ mọ́ ní pápákọ̀ lè jẹ́ ẹni tí ìbátan rẹ̀ ò ní ìwé ilẹ̀ tó dúró lọ́wọ́. Góòlù fún Kirsty láàyè. Kò fún ẹni tó ń gbé ilé kejì sí tiwọn láàyè, torí onítọ̀hún ò ní góòlù. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yẹ kó dun àwa náà nìyẹn.

Nígbà tó di mínísítà

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, Ààrẹ Emmerson Mnangagwa fi í ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́, eré ìdárayá àti àṣà. Kò dìbò wọlé, ààrẹ ló yàn án. Ojú omi àti ojú ilẹ̀ sì yàtọ̀ síra.

Ní 2021, àjọ ìjọba tó ń rí sí eré ìdárayá dá àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù Zimbabwe dúró. FIFA ní ìjọba ò gbọ́dọ̀ dá sí i, wọ́n sì fòfin de orílẹ̀-èdè náà láti oṣù Kejì 2022 títí di oṣù Keje 2023. Pápá ìṣeré wọn náà ò tó ohun tí CAF ń fẹ́. Àwa ọmọ Nàìjíríà ń rántí: lóṣù Kọkànlá 2023, nígbà tí Super Eagles fẹ́ bá Zimbabwe ta fún ìdíje àgbáyé, Zimbabwe ló gbàlejò lórí ìwé, Huye ní Rwanda la ti gbá a, ọ̀mì 1-1 ló sì parí sí. Orílẹ̀-èdè tí òléwájú Òlíńpíìkì jẹ́ mínísítà eré ìdárayá rẹ̀ ò ní pápá tó lè gbàlejò bọ́ọ̀lù nílé.

Àwọn alátakò rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tó ń du ipò IOC pé ìjọba tó bá ṣiṣẹ́ ò dára, pé ó dákẹ́ jù. Àwọn tó gbè é lẹ́yìn sọ pé ẹni tó bá fẹ́ tún nǹkan ṣe gbọ́dọ̀ wọlé. Lójú tiwa, òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu apá méjèèjì. Ẹni tí wọ́n bá gbé sípò nítorí orúkọ rẹ̀ dáa, tí kò ní èrò lẹ́yìn tó dìbò fún un, ó máa ń ṣòro fún un láti bá ẹni tó gbé e síbẹ̀ jiyàn. Ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́ wa tí ìjọba ìpínlẹ̀ tí ẹ wà ti fi ṣe olùdámọ̀ràn rí, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí yín.

Ibi tó ti jọ tiwa, ibi tí kò ti jọ

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ní ìdálẹ̀ àti ọ̀rọ̀ òyìnbó Zimbabwe kò rí bákan náà. Àwọn baba tiwọn fi ìbọn gba ilẹ̀, wọ́n sì fi òfin jẹ gàba lórí onílẹ̀. Àwọn baba tiwa fi ẹrù lérí wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kánò, wọ́n rẹ́ǹtì yàrá ní Sabon Gari, wọ́n ránṣọ, wọ́n tún ọkọ̀ ṣe, wọ́n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé. Ẹni tó bá fi méjèèjì wéra pátápátá ń ṣìnà.

Ibi tó ti jọra ni ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, abala 42, sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà nítorí ibi tó ti ṣẹ̀. Abala 15 tiẹ̀ ní kí ìjọba rí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè lẹ́tọ̀ọ́ olùgbé ní gbogbo ibi tó bá ń gbé, àmọ́ abala yẹn wà lára àwọn tí a ò lè gbé lọ ilé ẹjọ́. Lẹ́yìn náà ni abala 147 wá sọ pé mínísítà tí ààrẹ bá yàn láti ìpínlẹ̀ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ náà. Abala 318 sì túmọ̀ ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan sí ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí àgbà rẹ̀ wá láti àwùjọ tó jẹ́ ti ibẹ̀. Ọwọ́ kan ń ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ kejì ń tì í. Ọmọ òyìnbó Harare rí ipò mínísítà gbà ní Zimbabwe. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kàdúná, tó gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ, kò lè jẹ́ mínísítà lórúkọ Kàdúná.

Ẹ tún wo eré ìdárayá fúnra ẹ̀. Ìdíje National Sports Festival bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1973, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, kí àwọn ọ̀dọ́ lè mọ ara wọn. Lóṣù Karùn-ún 2025, Ìpínlẹ̀ Ògùn gbà á lálejò. Gbogbo ẹni tó ń tẹ̀ lé e mọ̀ pé àwọn ìpínlẹ̀ máa ń jà lórí eléré. Tí ọmọ bá mọ eré sá, tó mọ omi wẹ̀, ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe ti bàbá rẹ̀ á fi owó fà á. Lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò béèrè ìlú bàbá rẹ̀ àgbà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan náà lọ béèrè owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ní sẹkiteríàtì ìpínlẹ̀ yẹn, ìgbà yẹn ni wọ́n á ní kó lọ mú ìwé ọmọ ìbílẹ̀ wá. Nígbà tó ń gba góòlù, ọmọ wa ni. Nígbà tó ń béèrè ẹ̀tọ́, àlejò ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Harare gan-an nìyẹn.

Àwọn àgbà wa mọ̀ ọ́n. Ẹ bi àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Gánà lóṣù Kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní kí àjèjì tí kò níwèé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn kan ti bí ọmọ, bí ọmọ ọmọ síbẹ̀. Ilé tí wọ́n kọ́ àti ọjà tí wọ́n dá sílẹ̀ ò gbà wọ́n.

Àwa náà ń gbàlejò o. Ní Èkó, Ben Akabueze tó jẹ́ ọmọ Ìpínlẹ̀ Anambra jẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ìṣúná lábẹ́ Gómìnà Fashola, iṣẹ́ rẹ̀ sì hàn. Ohun rere nìyẹn. Àmọ́ ọmọ Hausa tí wọ́n bí sí Sábó Ìbàdàn, ṣé a máa ń fún un ní ìwé ìrànwọ́ láìbi í léèrè ìlú bàbá rẹ̀? Tí a ò bá lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ohùn wa ò ní í le tó ní Kánò.

Kí ni ká wá ṣe?

Ẹgbẹ́ wa ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi kékeré. Àkọ́kọ́, ẹ rí i pé gbogbo ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìbí tí àjọ NPC fọwọ́ sí, tí ibi tí wọ́n bí i sí wà nínú ẹ̀ kedere. Ọ̀pọ̀ òbí ṣì ń sáré gba ìwé ọjọ́ orí ní kóòtù nígbà tí ọmọ ti fẹ́ wọ yunifásítì. Ìwé ìbí nìkan ò ní sọ ọmọ di ọmọ ìbílẹ̀ lójú wọn, àmọ́ ọjọ́ tí òfin bá yí padà, ẹni tó ní ìwé ni á kọ́kọ́ jàǹfààní.

Ìkejì, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń yan eléré fún ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé. Àwọn òbí wa fẹ́ràn ìwé, wọ́n sì ń bẹ̀rù omi, wọn ò jẹ̀bi, omi ò lọ́rẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ lomi ń yára gbé lọ. Abiola Ogunbanwo jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà tó lúwẹ̀ẹ́ fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì Tokyo, tó fi àáyá 59.74 sọ freestyle 100 mítà di ìtàn tuntun fún orílẹ̀-èdè yìí. Ó ṣeé ṣe.

Ìkẹta, tí ìpínlẹ̀ bá wá fa ọmọ yín fún eré, ẹ má kàn gba owó ọkọ̀ àti aṣọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú ọmọ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ti ọmọ ìbílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n nílò wa ló yẹ ká sọ̀rọ̀. Tí èrò bá ti kúrò ní pápákọ̀, ẹnu wa ò ní tó ọ̀rọ̀ mọ́.

Ìdíje Òlíńpíìkì àwọn ọ̀dọ́ ti Dakar, lóṣù Kẹwàá sí Ìkọkànlá 2026, ni Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí yóò wáyé nílẹ̀ Áfíríkà. Obìnrin kan láti Harare ni yóò jókòó sórí àga olórí níbẹ̀. A bá a yọ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi wẹ̀ débẹ̀. Ohun tí àwa ń wá fún àwọn ọmọ wa ò tó bẹ́ẹ̀ rárá: kí ọmọ tó ṣe ipò kẹjọ, àní ọmọ tí kò wọ omi rí, lè sọ níwájú akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ pé ibí ni wọ́n bí mi sí, kí ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀.